Ọjọ́ Tí Mo Gbé Àpò Wá Mú Ọ ní Yunifásítì

Linha Pinheiro Torto,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún.

Noeli ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun yó, ṣé òtútù ìlú ńlá kò sì mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ irúgbìn lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí ìrì bá dì sórí pápá, òun ni mo ń bẹ̀ kó máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa kò tó. Ìyá rẹ kí ọ. Màámá Hilma ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé wa kí ọ. Estrela màlúù wa ti bímọ, abo ni, ó funfun níwájú orí, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ torí ìyá rẹ ní ìwọ ni ká dúró dè. Tábà ti kúrò nínú iná, a ti ń ṣa ewé rẹ̀ báyìí, èyí tó dára sọ́tùn-ún, èyí tí kò dára sósì. Alága ìjọ ní òun fẹ́ kun ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọ̀ ewé, àwọn àgbà bá yarí, wọ́n ní Luther kò kun ohunkóhun ní àwọ̀ ewé láyé rẹ̀, ìpàdé sì tú ká láìsí àdúrà.

Ẹnu á yà ọ́ pé èmi ni mo kọ ìwé yìí, torí ìyá rẹ ló máa ń kọ ọ́, èmi á kàn ní kó bá mi kí ọ nísàlẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ n kì í tilẹ̀ sọ ọ́, òun ló máa ń fi í sí i fúnra rẹ̀. Èyí, èmi fúnra mi ni. Mo jókòó sídìí ààrò, igbá tíì mate wà lọ́wọ́ òsì mi, kùrukùru sì bo ojú fèrèsé débi pé n kò rí abà tábà mọ́, ó dà bí ẹni pé ilé wa nìkan ló kù láyé, tó ń léfòó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Irú àárọ̀ báyìí ni ọ̀rọ̀ máa ń rí ọ̀nà jáde lẹ́nu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.

Fóònù tí o fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O mọ̀ pé kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú ilé, àfi bí a bá gbé e gun òkè itẹ́ òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá bàbá mi, ibẹ̀ ló ti máa ń jí. Ìyá rẹ ní àwọn òkú ló ń bá a di okùn rẹ̀ mú. A gun ibẹ̀ lọ ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a sì mú Màámá Hilma dání torí òun ló kàwé jù wá lọ. Ó wo ojú fóònù, ó wò ó títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó ní lábẹ́ orúkọ rẹ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, A rí i kẹ́yìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú.

Mo ní ta ló rí i? Màámá Hilma ní fóònù kò dárúkọ ẹni náà. A padà lọ ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. A lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò yí padà. Mo ní irú èèyàn wo lèyí, tó rí ọmọ ọlọ́mọ kẹ́yìn, tí kò lè sọ ọ̀nà tó gbà àti aṣọ tó wọ̀? Màámá Hilma ní bóyá òfin ìlú ńlá ni. Pásítọ̀ wa, Marlise, ì bá là á yé wa, ṣùgbọ́n ó ti lọ sin òkú ní Linha kejì, abúlé tó tẹ̀lé tiwa, o sì mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe máa ń rí bí òjò bá rọ̀. Ìyá rẹ wọlé, ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò rí i kí ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán rí. Ó ní, Erno, lọ wá ọmọ wa.

Mo gbé àpò ńlá yẹn sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, èyí tó fi kó ẹrù rẹ̀ wálé ọkọ. Mo ní màá kó gbogbo aṣọ rẹ sínú rẹ̀, màá fi ìwọ fúnra rẹ sínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yunifásítì ti parí. N kò ní parọ́ fún ọ, Noeli. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀rù náà, ohun kan wà tó ń dunnú pé mo rí ìdí láti wá mú ọ. Ìyá rẹ di cuca kan, àkàrà òyìnbó aládùn wa, fún mi sínú aṣọ olódòdó, ó sì fi èso páìnì sísè sí i, ó ní bí mo bá rí ọ, ebi á ti máa pa ọ́.

Ọkọ̀ oníwàrà ló gbé mi dé títì ní ìdájí, mo wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Kùrukùru gba gbogbo ayé. A kò rí igi, a kò rí odò, a kàn ń lọ nínú funfun, ó sì jọ pé bọ́ọ̀sì náà kò kan ilẹ̀. Mo sùn. Mo lá àlá pé mo wà nínú abà, tí ewé tábà so rọ̀ lórí mi láti òpin dé òpin, tí mo bá sì fọwọ́ kan ọ̀kan, ohùn rẹ ló máa jáde látinú rẹ̀, ohùn ìgbà tí o ṣì wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, o ń béèrè ìbéèrè, n kò sì rí èsì kan ṣoṣo fún ọ. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti yọ, ìlú ńlá sì ti yí mi ká.

Ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì yín, irin kan wà tó ń yí, tí kò jẹ́ kéèyàn kọjá. Obìnrin kan tó wọ búlúù ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní káàdì mi dà? Mo ní èmi kò ní káàdì, èmi jẹ́ bàbá. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bàbá, iṣẹ́ tiyín nìkan ni kò ní káàdì. Ó wá lẹ ìwé pélébé kan mọ́ mi láyà tí wọ́n kọ ÀLEJÒ sí, ó ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ó ṣì wà lára kóòtù mi di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìyá rẹ fẹ́ yọ ọ́ kó lè fọ kóòtù, mo ní rárá o, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi.

Mo wọlé, Noeli, ohun tí mo kọ́kọ́ rí dẹ́rù bà mí. Àwọn ọ̀dọ́ ló na gbalaja sórí koríko lábẹ́ igi, ní Ọjọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń ṣiṣẹ́. Mo ní àrùn ti wọ ibí yìí, abájọ tí wọn kò fi rí ọmọ mi mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti ọmọbìnrin kan, mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe. Ó lajú. Ó ní bàbá, kí ló dé? Mo ní ṣé ibà ni? Ó ní rárá o, ìwé ìdánwò ni òun ń kà. Mo ní pẹ̀lú ojú dídì? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe ń wọlé nìyẹn. Ó tún dijú padà. Oòrùn ń kán sílẹ̀ láàárín ewé, ẹnì kan ń ta gìtá lókèèrè, àfi bíi pé àlá inú bọ́ọ̀sì kò tíì tán lójú mi.

Níwájú díẹ̀, wọ́n to tábìlì sábẹ́ igi lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn ọ̀dọ́ dúró sí ìdí rẹ̀, wọ́n ń ké pe àwọn tó ń kọjá. Mo rò pé ọjà ni. Mo wò, wọn kò ta nǹkan kan. Èèyàn ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ń wá ẹni tó máa bá wọn gbin igi, àwọn kan ń wá ẹni tó máa kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀, àwọn kan ní ẹ̀rọ kan tó ń rìn bí akàn, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ́ ọ níwà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí èèyàn máa bẹ èèyàn pé jọ̀ọ́, wá bá wa ṣe. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ìwọ bá jókòó lásán, iṣẹ́ á wá ọ kàn fúnra rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó kun irun rẹ̀ pupa bíi bíítì ló ké sí mi. Orúkọ rẹ̀ ni Caíque. Ó ní bàbá, ẹ sún mọ́ wa, ẹ má sá. Mo ní èmi ò sá o, ọmọ mi ni mò ń wá, Noeli Radtke, a rí i kẹ́yìn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó lajú sílẹ̀. Ó ní Noeli? Ṣé Noeli tí fóònù rẹ̀ kú sínú ẹ̀wà? Ló bá yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kígbe pé ẹ wá o, ẹ wá wo bàbá Noeli Ẹlẹ́wà!

Wọ́n sáré gbé àga fún mi, wọ́n bu omi wá. Caíque ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ jọ máa ń se ẹ̀wà fún àwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá, pé fóònù yọ́ bọ́ láti inú épírọ̀ọ̀nù rẹ sínú ìkòkò, pé o fi ìgbakọ wá a jáde, àti pé kí o tó sunkún fóònù, o kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀wà wò bóyá ó ti bàjẹ́. Mo ní ọmọ mi nìyẹn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn débi pé n kò rántí bínú pé ìwọ, tí o ní orí fífọ́ kò jẹ́ kí o lè ṣa tábà, lo ń gbé ìkòkò ńlá káàkiri ìlú.

Ó ní ìwọ á wà nílé ìsìn kékeré yín ní aago méjìlá, kí n dúró, pé kí n tó lọ, kí n jọ̀ọ́ bá àwọn kọ ìwé kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, èmi kì í sì í sọ pé rárá sí ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé fúnni. Wọ́n béèrè orúkọ, mo kọ Erno Radtke. Wọ́n béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, mo kọ nọ́ńbà tó wà létí Estrela, torí òun nìkan ni mo mọ̀ lórí. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ wo ni mò ń ṣe, mo kọ pé tábà, àgbàdo, àti ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ọdún kelòó, mo ní ọdún kejìlélógójì. Ìbéèrè kan wá wà nísàlẹ̀ tó mú mi dúró: kí lo fẹ́ láti ṣe lẹ́yìn òde yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Noeli, mo gbé bírò sókè, n kò mọ ohun tí mo lè kọ. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò níléèwé. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, lẹ́yìn òde yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Caíque rí i pé n kò kọ nǹkan kan, ó ní bàbá, ṣé ẹ máa ń kọrin? Mo ní nínú pápá. Ó ní ó ti tó, ó sì bá mi fa ìlà sí ẹgbẹ́ akọrin. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ àṣírí kan fún mi, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wọlé sínú íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú afẹ́fẹ́. N kò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹni tó ń gbé lẹ́tà má baà kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí irin tó ń yí yẹn, mo sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́, obìnrin aláṣọ búlúù wò mí, ó tẹ nǹkan kan, irin sì ṣí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo wọ ilé ìsìn ṣáájú gbogbo yín. Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo gbé àpò sáàárín ẹsẹ̀ mi torí ẹrẹ̀ bàtà mi ti ń bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń wọlé, àwọn mìíràn mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò bá wọn wí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú gíláàsì aláwọ̀ kọjá, ó ń rìn lórí irun wọn. Pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, kò pariwo. Àwọn mélòó kan wá dìde, ìwọ wà láàárín, o wọ súwẹ́tà ìyá rẹ tó ti já lápá. O ní ẹ fẹ́ kọrin kan ní èdè ilé wa, èyí tí ìyá àgbà rẹ máa ń kọ bó bá ń so ewé tábà.

Pépéyẹ tó ń béèrè lọ́wọ́ adágún pé báwo ni ìwọ ṣe jìn tó, adágún sì ń dáhùn pé lúwẹ̀ẹ́ wá, wá wò ó. Orin ìyá mi. N kò gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. N kò mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa ń gbè é, ọ̀kan nínú wọn dúdú bí ìkòkò irin, ọ̀kan ní ojú bí ará Japan, gbogbo wọn ló ń pe pépéyẹ náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo rí ìyá mi tó dúró tì ọ́, ó wọ aṣọ oko, ó ń fi orí lu orin. N kò sọ pé ìran ni mo rí o. Bóyá torí n kò tíì jẹun láti òwúrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lẹ́nu géètì ní oṣù Kejì wá sí mi lọ́kàn níbẹ̀. Mo ní ìlú ńlá á fọ èdè wa kúrò lẹ́nu rẹ, pé bó bá fọ̀ ọ́ tán, kí o má wá sunkún sí ẹnu géètì mi. O gbé ẹrù rẹ, o lọ. Oṣù mẹ́ta nìyẹn, ìwọ kò sọ̀rọ̀ sí mi, èmi náà kò sọ̀rọ̀ sí ọ. Èdè náà rèé lẹ́nu rẹ, ó mọ́ ju bó ṣe wà lẹ́nu tèmi lọ. Mo fi fìlà bo ojú mi. Ọmọbìnrin tó ń fojú dídì kàwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. Ó ní bàbá, ṣé ibà ni? Mo ní rárá, ìwé ni mò ń kà.

Nígbà tí ẹ jáde, mo dúró sẹ́yìn òpó. Ìwọ àti Caíque àtàwọn tó kù wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sọ nǹkan kan fún ọ, o gbé orí sẹ́yìn, o rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Inú ilé ìdáná ló ti máa ń wá, èmi á máa gbọ́ ọ láti òde, bí mo bá sì ti wọlé báyìí, á dá. Mo ní bí mo bá yọ síbẹ̀ tèmi ti àpò, á tún dá. N kò fẹ́ kó dá. Mo dúró títí ẹ fi yà sẹ́yìn ilé ìkàwé. Mo gbé cuca àti èso páìnì fún Caíque nígbà tó padà wá sídìí tábìlì rẹ̀. Ó bínú sí mi, ó ní bàbá, ẹ gun bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀, ẹ rí ọmọ yín, ẹ ò ní kí i? Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ọ, pé èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé cuca fún ọ nínú aṣọ olódòdó, tí wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó mú un wá, èmi ni.

Ìyá rẹ dúró dè mí létí títì. Ó rí i pé àpò ṣófo, ó figbe ta kí n tó lanu. Mo ní ó wà, ó sanra díẹ̀, ó ń kọrin. Nígbà tó gbọ́ pé n kò bá ọ sọ̀rọ̀, ó fi aṣọ ìnuwọ́ gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní irú orí wo lo gbé sọ́rùn, Erno. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́rin kí omi tó hó. Pásítọ̀ Marlise ti wá ṣàlàyé pé ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ ṣí fóònù kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Màámá Hilma kò gbà. Ó ní ohun tí òun kà ni òun kà.

Má wá sílé, Noeli. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìsinmi bá dé, wá, ọmọ màlúù ń dúró de orúkọ, ṣùgbọ́n má fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀ torí ẹnikẹ́ni, èmi pàápàá. Ewé tó wà nílẹ̀ yìí, èmi àti ìyá rẹ á ṣa á.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Caíque ní ẹgbẹ́ akọrin tí mo fọwọ́ sí, tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé, ní aago méjì ọ̀sán, pé àwọn ará ìta náà wà nínú rẹ̀, awakọ̀ kan àti olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé gbọ́dọ̀ yọjú, ìwọ náà mọ̀ bí a ṣe tọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tábà kò ní sanwó títí di oṣù Keje, nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, bí wọ́n bá fún ọ ní owó iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní ilé ìkàwé, fi owó ọkọ̀ àlọ nìkan ránṣẹ́ sí mi. Má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí àbọ̀, màá ru tánjarín wá ta fún àwọn tó ń sùn lórí koríko. Kí o sì bá mi béèrè bóyá bàtà dúdú ni wọ́n ń wọ̀, torí ti ìsìnkú nìkan ni mo ní.

Kí Olúwa jẹ́ kí oúnjẹ yín pọ̀ ju ẹni tó ń dúró dè é lọ. Kó má jẹ́ kí ohùn rẹ gbó. Kó fi ojú àánú wo ọmọkùnrin onírun bíítì yẹn, ọmọ dáadáa ni. Bí o bá rí mi ní Ọjọ́bọ̀ níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, má sáré, má dákẹ́ orin. Máa kọ ọ́ lọ. Èmi ni màá dìde wá bá ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Erno Radtke,
ẹgbẹ́ akọrin.